Ohun Tó Wà Lórí Kọ́bọ́ọ̀dù

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Dókítà ti gbé páálí kan sórí kọ́bọ́ọ̀dù gíga inú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ya agboòrùn pupa sí i, ó dojú àwòrán náà kọ àjà. Aláìsàn tó bá ní ẹ̀mí òun jáde lára òun, tó ń wo gbogbo wọn látòkè, kó sọ ohun tó rí níbẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ti gbìyànjú. Kò sẹ́ni tó gbà á.

"Ọpọlọ ni gbogbo ẹ̀," ló máa ń wí. "Bíná bá lọ, ṣé tẹlifíṣọ̀n á ṣì máa sọ̀rọ̀ ni?"

Ló bá kan ìyá ẹ̀. Wọ́n ń là á lọ́wọ́ nínú yàrá yẹn ni ọkàn ẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n jí i padà, wọ́n sáré rán an pa láìparí iṣẹ́. Ó kù kí wọ́n tún un là. Màmá ní rárá.

"Mo ti rí ibi tí mò ń lọ, ọmọ mi. Bàbá ẹ ń dúró dè mí."

"Màámi, tí wọn ò bá parí ẹ̀, ẹ ò lè lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ."

"Ọ̀sẹ̀ kan gan-an ti pọ̀ jù."

Dókítà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Kí ló wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù? Tẹ́ ẹ bá gbà á, n ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣì í, àlá lẹ lá, ẹ ó sì fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n tún yín là."

"Ìwé tí èmi fúnra mi rán ẹ lọ kà ló wá ń bá mi jà yìí." Ó dijú. "Ọmọnílé ni. Ó ti kú, ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Kò nírù."

Dókítà rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. "Agboòrùn ni, Màámi. Èmi ni mo yà á."

Màmá lajú. "Bàbá ẹ náà ńkọ́?"

Dókítà na ìwé náà sí i.

"Gbé bírò wá."

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Lọ́jọ́ kẹwàá, Màmá ti ń rìn. Àmọ́ bí nọ́ọ̀sì bá pè é síbi àdúrà àárọ̀, ògiri ló ń kọjú sí. "Ọpọlọ ni gbogbo ẹ̀," á ní. "Ẹ bi ọmọ mi."

Dókítà rò pé tóun bá fún un ní àwòrán náà, bóyá á tún rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ìyá tó ń gbálẹ̀ bá òun gbé àkàbà wá.

"Ẹ rọra o, Dókítà," nìyẹn wí bó ṣe di ẹsẹ̀ àkàbà mú. "Látìgbà tí mo ti kó ìdọ̀tí orí kọ́bọ́ọ̀dù yìí dànù lóṣù tó kọjá, mi ò tíì gòkè padà."

Dókítà na ọwọ́ sókè wá páálí ẹ̀, ohun tọ́wọ́ ẹ̀ sì bà ni ọmọnílé kan tó ti gbẹ, tó fẹ̀yìn lélẹ̀, tí kò nírù.