Alángbá àti Àwọn Kòkòrò Abẹ́ Ìrókò

Àlọ́ mi yọ lábẹ́ ilẹ̀, ó bà lé Alángbá oníwọra.

Àwọn kòkòrò kan ń gbé abẹ́ ìrókò. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi ń dàgbà kí wọ́n tó jáde wá kọrin. Alángbá kò ní sùúrù. Lọ́dọọdún ló ń lọ tàn wọ́n:

"Ẹ jáde, ọdún ti pé!"
"Kò tíì pé, Alángbá, kò tíì pé!"

Nígbà tí ó pé, gbogbo wọn tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ọ̀wàrà òjò. Alángbá jẹ títí ikùn rẹ̀ fi wú; nígbà tó ń padà wọlé, ikùn náà há sẹ́nu ihò ògiri tó ń gbé. Àwọn kòkòrò tó kù bà lé e lẹ́yìn, wọ́n ń kọrin.

Ìyàwó rẹ̀ bèèrè nínú ilé pé, "Baálé mi, ṣé ẹ ti jẹ wọ́n tán?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni. Jọ̀ọ́, fà mí wọlé!"

Ẹni tó bá fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ jẹ, kó kọ́kọ́ wọn ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.