Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojúbàolú Kò Fẹ́ Kíláòdù

Fírísà mẹ́ta ló wà lẹ́yìnkùlé Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojúbàolú, ẹja Ẹ̀pẹ́ ló sì kún inú wọn dẹ́nu. Hanifah ìyàwó rẹ̀ ló ń tà á fún àwọn olóúnjẹ ní àdúgbò Agric àti Benson. Bó ṣe wu iná ọba ló ń ṣe ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n ẹja Hanifah kò yọ́ rí. Ìdí ni pé ẹ̀gbẹ́ ilé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn ọ̀gá àgbà yòókù ń gbé ni yàrá sáfà yunifásítì wà, níbi tí wọ́n kó ẹ̀rọ tó ń tọ́jú èsì ìdánwò sí, jẹnẹrétọ̀ yàrá náà kì í sì í kú tọ̀sán-tòru. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti pe oníṣẹ́ iná lọ́jọ́ kan pé kó bá òun fa wáyà díẹ̀ láti ibẹ̀. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ béèrè ibi tí wáyà yóò gbà, ó kàn rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n gbé Wùnmí wá láti ẹ̀ka Ẹ̀pẹ́ láti ṣe ọ̀gá àwọn oníkọ̀ǹpútà ni wàhálà dé. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo nǹkan lọ sí kíláòdù. Ilé-iṣẹ́ kan lókèèrè ni yóò máa bá wọn tọ́jú rẹ̀, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kálukú yóò ti máa rí i. Wọn á ti yàrá sáfà pa, wọn á sì ta jẹnẹrétọ̀.

"Wọ́n á ta kí ni?" Hanifah ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Bàbá Ṣìmí, ẹ má jẹ́ kí ẹja rà mọ́ mi lọ́wọ́ o."

"Fọkàn balẹ̀. Ẹnu mi ò tíì kú."

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ yunifásítì, Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde, ó tún fìlà ṣe.

"Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Èsì ìdánwò àwọn ọmọ wa, ká wá kó o fún àjèjì? Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé ńkọ́?"

Ó ń retí kí Ìyáàfin Ṣẹ̀rífátù, akọ̀wé àgbà, ta kò ó, torí pé obìnrin náà kì í gba tirẹ̀ láéláé. Àfi bó ṣe pàtẹ́wọ́. Alhaji Tàjùdéèn akápò, tó máa ń tìtorí bébà lásán jágbe mọ́ èèyàn, ní owó dísù jẹnẹrétọ̀ náà kò tiẹ̀ wọ́n jù. Gíwá yunifásítì fúnra rẹ̀ ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Èmi alára ò mọ̀ pé mo lẹ́nu tó báyìí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ fún ìyàwó rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jẹ orí ẹja méjì.

Wùnmí ò jà. Ó gbé ọkọ̀ wá, ó ní òun fẹ́ gbá eruku yàrá náà, ó sì tún padà síwájú ìgbìmọ̀ lẹ́yìn oṣù kan.

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò, sà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, màá pa yàrá yẹn. Ẹ jókòó sílé yín, kí ẹ máa ṣiṣẹ́ láti ibẹ̀ lórí kíláòdù. Bí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni bá dúró, ẹ ò ní gbọ́ kíláòdù lẹ́nu mi mọ́."

Wọ́n gbà kíákíá, wọ́n sì fi ìpàdé sí aago mẹ́wàá ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ̀jọ̀gbọ́n ò tiẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbẹ́ fírísà ló jókòó sí, ó ń mu tíì. Bí aago mẹ́sàn-án ṣe lù, fírísà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kùn hùn-ún, wọ́n dákẹ́. Hanifah káwọ́ lérí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó má mikàn, ó wọ bàtà, ó forí lé ìpàdé.

"Ó ti kú!" ló kọ́kọ́ wí. "Láti aago mẹ́sàn-án ni pọ́tàlì ti kú fin-ín. N ò rí èsì ọmọ kan ṣoṣo."

"Tèmi náà!" ni Ìyáàfin Ṣẹ̀rífátù figbe ta. "Mẹ́sàn-án géérégé!"

"Àyà mi já," ni Alhaji Tàjùdéèn wí. "N ò lè ṣe nǹkan kan mọ́."

Gíwá nu òógùn. "Lọ́dọ̀ tèmi pẹ̀lú, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́."

Ẹnu ya Ọ̀jọ̀gbọ́n. Irọ́ lòun pa ní tòun, àṣé òótọ́ ni! Kíláòdù yìí ò dáa lóòótọ́. Ó wo Wùnmí, àánú ọmọ ọlọ́mọ ṣe é díẹ̀.

Wùnmí kúnlẹ̀ kí wọn kó tó sọ̀rọ̀: "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, sáfà kankan ò sí nínú yàrá yẹn mọ́ láti oṣù tó kọjá, orí kíláòdù ni gbogbo wa ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà náà, jẹnẹrétọ̀ nìkan ni mo pa láàárọ̀ yìí."