Ilé Tó Kẹ̀yìn sí Òpópónà

Ó ṣẹlẹ̀ o. Kí ọ̀nà tí mo ti rìn má gbé mi délé bí mo bá fi irọ́ kan kún un.

Bí òyìnbó Faransé ṣe fẹ́ ilé tuntun ní Lomé nígbà náà ni pé kí gbogbo yàrá kọjú sí òpópónà, kí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Múrítàlá bíríkìlà kọ̀. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀, lẹ́bàá ọ̀sà ní àdúgbò Bè, ni Ìbíyẹmí ìyàwó rẹ̀ ti rọbí títí tó fi kú; ògiri nìkan ló gbọ́ igbe rẹ̀. Torí náà, nígbà tó kọ́ ilé tirẹ̀, ó dojú gbogbo ilẹ̀kùn kọ inú. Àgbàlá kan, kànga kan, ẹnu ọ̀nà kan. Àwọn oníṣòwò Ànàgó kó wọlé. Bí obìnrin kan bá ń dáná, òmíràn á máa bá a wo ọmọ.

Ìgbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ pé ọ̀gá òyìnbó ń bọ̀ wá wo ilé. Èyí tó bá lòdì sí òfin, wíwó ni.

"Orí kunkun rẹ ló máa sọ wá di ará ìta," ni Sàídátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wí. "Kì í ṣe pé o ò gbọ́ Faransé, etí rẹ ló di."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó dé ná."

Òyìnbó dé pẹ̀lú Honoré, ògbufọ̀ ọmọ Atakpamé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó yí àgbàlá po, ó fi ìkúùkù gbá ògiri ẹ̀yìn.

"Ó ní ṣé kò sí fèrèsé lẹ́yìn?" ni Honoré bi í.

"Kò sí. Sọ fún un pé kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn ni."

"Ó ní ṣé ọkùnrin pọ̀ níbí?"

"Wọ́n kún ibí. Kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ ẹnì kejì."

"Ó ní bí iná bá sọ ńkọ́, ibo ni wọ́n máa gbà jáde?"

"Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni. Gbogbo wa la jọ ń gba ibẹ̀."

Òyìnbó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bọ Múrítàlá lọ́wọ́, ó sọ̀rọ̀ ṣókí kan fún Honoré, ó sì jáde.

"Yéè! Wọn ò wó o!" ni Sàídátù pariwo. "Àbúrò mi, adití tó lóríire!" Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Múrítàlá fa ẹ̀wù Honoré. "Akọ̀wé, kí ló wí gan-an?"

Honoré wolẹ̀, ó sì tún un sọ bí òyìnbó ṣe sọ ọ́: "Ilé yìí dára. Lọ́la, ẹ fi ọlọ́pàá méjì sí ẹnu ọ̀nà yẹn, kí ẹ kó gbogbo ọkùnrin inú rẹ̀ lọ fi ṣiṣẹ́ ojú irin; kò sí ibi tí wọ́n máa gbà sá."