Àpò Tí A Tú Lẹ́nu Igbó

Ní Igana, ẹni tó bá ń jáde nínú igbó ìlú gbọ́dọ̀ tú àpò rẹ̀ lẹ́nu igbó, kí gbogbo ènìyàn rí ohun tó mú. Mọ́rìnọ́lá, tó ń fi dróònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò yàwòrán, ka ẹranko igbó náà, ní dróònù òun kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Lókè réré ló ń gbé e gbà kí ó má baà dẹ́rù ba ẹranko, kì í ya àgbàlá ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń fi àwòrán tó yà, pẹ̀lú ibi tó ti yà á, ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù abúlé. "Igbó gbogbo wa ni," ló máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀bọ oníkùn pupa ló ń kà, láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí igi tí wọ́n sùn. Ọgbọ̀n ni wọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò fi dá, mọ́kànlá ló kù. Inú bí i gidigidi.

Ọdẹ kan ṣoṣo ló ṣì ń wọ igbó náà, Bàbá Ṣóbándé. Mọ́rìnọ́lá lọ dúró dè é lẹ́nu igbó.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ tú u."

Bàbá da àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ewé àti èèpo igi ló jáde.

"Ṣé kí n tú ṣòkòtò náà ni?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mọ́rìnọ́lá kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ti gbé ẹran gba ọ̀nà ẹ̀yìn."

"Mo tú tèmi, ọmọ mi. Tìẹ ńkọ́?"

"Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń tú tèmi. Ẹ ò ní fóònù ni ẹ ò fi rí i."

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Valentin, olórí abúlé. Ó ní ẹnì kan ò lè máa dá jẹ ohun tí gbogbo ìlú ni. Wọ́n ní kí Ṣóbándé má wọ igbó mọ́. Bàbá gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ sára ògiri, kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Àwọn ọ̀bọ ṣì ń dín kù. Wọ́n ku márùn-ún.

"Ó ń rán ènìyàn ni," Mọ́rìnọ́lá sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú Yoko àti Sakété pẹ̀lú, kí ojú tó ń ṣọ́ igbó lè pọ̀ sí i.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn aṣọ́gbó mú Brice, tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ní Sakété, pẹ̀lú ọ̀bọ méjì tí ara wọn ṣì gbóná. Mọ́rìnọ́lá sáré débẹ̀.

"Ta ló fi ibẹ̀ hàn ọ́? Ṣóbándé ni, àbí?"

"Ta ló ń jẹ́ Ṣóbándé?" ni Brice wí, ó sì na fóònù rẹ̀ sí i: àwòrán igi tí àwọn ọ̀bọ ń sùn sí, ibi tí igi náà wà, àti lábẹ́ rẹ̀, "Igbó gbogbo wa ni."