Awó Gbọ́ Ìròyìn Ọjà

Àlọ́ mi rìn títí, ó dúró lẹ́bàá ìtẹ́ Awó. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹyin tó ń sàba lé nìkan ló kù fún un. Láràárọ̀ ni Ẹ̀gà ń dá orin, tí àwọn ẹyẹ igbó ń gbè é:

"Kìnnìún ṣòfin, àgbàdo wọ́n."
"Awó, sáré wá wò ó."
"Kìnnìún yí òfin, àgbàdo pọ̀."
"Awó, sáré wá wò ó."

Àyà Awó a já. "Kí ni àwọn ọmọ mi yóò jẹ?" Yóò sáré lọ sọ́jà, yóò sì padà bá ẹyin tó ti tutù.

Nígbà tó yá, ẹyin Àparò aládùúgbò rẹ̀ pa ọmọ, ṣùgbọ́n ẹyin Awó dákẹ́.

"Ìyá Àparò, ṣé ẹ ò gbọ́ ìròyìn ni?"

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Ẹ̀rù bà mí ju tìrẹ lọ. Orí ẹyin ni mo jókòó sí tí mo ń gbọ̀n."

Ibẹ̀ ni mo fi Awó sílẹ̀ sí, tó fi etí lé ẹyin tí kò dún.