Àsíá Tí Fẹ̀yìntọlá Sún

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì o. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ díje.

1.
Fẹ̀yìntọlá ń gbé ní Nyanya, nílùú Abuja, lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ tó ń kun mọ́tò. Gàníyátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń gbé ní Kabusa lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni àwọn méjèèjì, adágún ìwẹ̀ kan náà ní Utako ni wọ́n sì ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́: ojú a máa wo ọ̀run, orí a sì máa ṣíwájú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́ kì í rí ògiri tó ń lọ bá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta okùn àsíá wẹ́wẹ́ kọjá lókè omi, ní mítà márùn-ún sí ògiri. Bó bá ti rí àsíá lókè, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí apá rẹ̀ ń yí. Ti Gàníyátù jẹ́ márùn-ún. Bó bá kà á pé, ọwọ́ rẹ̀ á kan ògiri. Kì í bojú wẹ̀yìn rárá. Ṣé ó yé yín? Àsíá yẹn ni ojú rẹ̀.

2.
Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mú láti ṣojú Abuja níbi ìdíje àwọn ìpínlẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí nìkan ló kù.

"Fẹ̀yìn, o ti jẹun? Mi ò fẹ́ na ẹni tí ebi ń pa o," ni Gàníyátù wí láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ díje láti yan ẹni náà.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre, ọmọ Kabusa. Ẹ̀yìn mi lo máa wò lónìí."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ẹ̀yìn ẹ? Ṣebí ọ̀run ni mò ń wò!"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Fẹ̀yìntọlá kò dé inú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Gàníyátù ti yára jù ú lóṣù náà, bàbá Fẹ̀yìntọlá sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ni wọ́n máa mú.

3.
Ọ̀pá tí wọ́n so àsíá mọ́ kò wọlẹ̀. Inú táyà tí wọ́n rọ sìmẹ́ńtì sí ni wọ́n gbìn ín sí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń tò ó bó bá ṣe kàn wọ́n. Ọjọ́ náà kan Fẹ̀yìntọlá. Ó tò ó dáadáa. Wọ́n lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀ láti fi mú ara gbóná, kíkà Gàníyátù sì péye.

Nígbà tí Saeed, kóòṣì wọn, pè wọ́n síbi ìbòji pé kí wọ́n sinmi, Fẹ̀yìntọlá ní òun fẹ́ mú aṣọ ìnura òun. Ó ti ọ̀pá kan, ó yípo lọ ti èkejì. Ìṣísẹ̀ kan àtààbọ̀, síhà ògiri. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí Gàníyátù kàn fi ọwọ́ gbá ògiri, kó dàrú, kó pẹ́ díẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Fẹ̀yìntọlá, àsíá péye?"

"Ó péye, sà."

4.
Gàníyátù ló wà níwájú. Ó kọjá lábẹ́ àsíá, ó ju ara rẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo agbára. Kíkà rẹ̀ kò tíì pé márùn-ún tí orí rẹ̀ fi gba ògiri.

Kọ̀! Ìró kan ṣoṣo.

"Kai! Ẹ rọra mú ọrùn rẹ̀! Ẹ rọra!" Saeed ti bẹ́ sómi tàṣọtàṣọ.

Bí gbogbo èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ Gàníyátù, Fẹ̀yìntọlá jáde nínú omi, ó ti àwọn ọ̀pá náà padà. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, mítà márùn-ún géérégé ni.

5.
Gàníyátù kò kú. Ṣùgbọ́n eegun ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, apá ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbé ju èjìká lọ mọ́. Fẹ̀yìntọlá lọ kí i.

"Má sunkún mọ́, Fẹ̀yìn. Ṣé ìwọ lo tì mí ni? Èmi ni mo ṣì í kà. Lọ bá wa gba ipò kìíní wá."

Fẹ̀yìntọlá nu ojú rẹ̀. Ó ní òun á gbà á wá.

6.
Láti ọjọ́ náà, kò sígbà tó wọ abẹ́ àsíá tí kì í gbọ́ ìró yẹn. Ó máa ń wọn okùn náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọ omi, síbẹ̀ kì í gbà á gbọ́. Kódà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń na ọwọ́ sẹ́yìn láti mọ̀ bóyá ògiri ti súnmọ́.

Ọjọ́ ìdíje pé. Òun ló ṣíwájú. Ó rí àsíá, ó ka oókan, ó ka eéjì, ó tún gbọ́ ìró náà. Ó yí dojú bolẹ̀ láti wo ògiri. Òfin kò sì gbà bẹ́ẹ̀: ẹ̀yìn ni èèyàn gbọ́dọ̀ fi parí. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ níbi ìdíje kejì, àti ìkẹta. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

7.
Ọdún méjì lẹ́yìn ìjàmbá náà, Fẹ̀yìntọlá lọ sí Kabusa. Gàníyátù jókòó síwájú ilé, ó ń fi ọwọ́ òsì ṣa ẹ̀wà.

"Gàníyátù, o ò ṣi nǹkan kan kà. Èmi ni mo sún àsíá."

Ọwọ́ Gàníyátù dúró sínú ẹ̀wà.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń kà á," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Fún ọdún méjì. Mò ń wá ibi tí mo ti ṣì í."

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Máa lọ ná. Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ fún ẹ."

Títí di òní, Gàníyátù kò tíì ránṣẹ́ pè é. Fẹ̀yìntọlá kò sì wọ omi mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Bí ẹnìkejì yín bá yára jù yín, ẹ lọ kọ́ bí ẹ ó ṣe yára. Ẹ má fọwọ́ kan ohun tí ọmọ ẹlòmíràn gbọ́kàn lé. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tètè jẹ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ máa ru ẹ̀bi yín kiri. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.