Ẹ Má Gé Yúnífọ́ọ̀mù Kíkẹ́lọmọ

Mọ́ńdè ni ilé-ìwé máa wọlé. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Òkòkómáíkò kún fọ́fọ́.

Kíkẹ́lọmọ dúró gbagidi níwájú mi. Yúnífọ́ọ̀mù tí mọ́mì rẹ̀ rà fún un ń wọ́ nílẹ̀.

Mo mú sísọ́ọ̀sì.

"Ẹ má gé e, mà. Ẹ kàn ṣẹ́ etí ẹ̀ sínú."

Ẹ̀rín pa mí. "Ọlọ́gbọ́n ọmọ! O fẹ́ wọ̀ ọ́ dé Praimárì Síìsì, àbí?"

"Rárá, mà."

Kò rẹ́rìn-ín. Kò sunkún.

"Ìjọba ló fi mí sọ́dọ̀ Mọ́mì. Tí wọ́n bá tún gbé mi lọ sílé ẹlòmíì, ilé-ìwé míì náà ni màá lọ. Yúnífọ́ọ̀mù yìí ò ní bá mi lọ."

Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Ọmọ tí wọ́n máa gbé wá lẹ́yìn mi lè ga jù mí lọ."